"Tìẹ ò yí o": bẹ́ ẹ ṣe máa dá awùsá mọ̀ yàtọ̀ sí mọ̀lẹ́bí ẹ̀ tó ti Peru wá

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí mi. Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, mo ra ọ̀gbìn mẹ́fà tó ti hù nínú náílọ́ọ̀nù dúdú lọ́wọ́ ọ̀gbẹ́ni kan tó ń tà á lẹ́bàá títì, ó ní walnut ni, mo ní ṣé awùsá ló ń sọ, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, awùsá àgírìkì ni, kì í pẹ́ so. Ọ̀rọ̀ "àgírìkì" yẹn ló mú mi. Mo gbé e délé ní Ọbáńtokò, l'Abẹ́òkúta, mo gbìn ín sídìí igi obì tó wà lẹ́yìnkùlé, torí bàbá mi máa ń sọ pé ìdí obì ni awùsá ti ń gbádùn ayé ẹ̀. Kò tíì pé oṣù mẹ́jọ tó fi so. Inú mi dùn débi pé mo ya fótò ẹ̀ sórí WhatsApp ẹbí wa, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló kọ́kọ́ fèsì, wọ́n ní, "Èyí tó rí bí ìràwọ̀ yìí, awùsá ibo nìyẹn?"

Mi ò lè dá wọn lóhùn. Mo dúró títí èso yẹn fi gbẹ lórí ìtàkùn, mo fọ́ ọ, mo kó hóró inú ẹ̀ sápò, ó di ọjà Kútọ̀ lọ́dọ̀ ìyá tí mo máa ń ra awùsá lọ́wọ́ wọn. Ìyá ò bá mi jiyàn rárá. Wọ́n gba mẹ́rin nínú ẹ̀, wọ́n dà á sórí atẹ láàrin awùsá tiwọn, wọ́n wá gbé etí atẹ yẹn sókè díẹ̀. Awùsá wọn yí gbirigbiri lọ sí ìsàlẹ̀. Tèmi dùbúlẹ̀ síbẹ̀ bí ẹni tó ń sùn, ọ̀kan péré ló yọ̀ díẹ̀ tó tún dúró. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, tìẹ ò yí o."

Sacha inchi ni mo gbìn, mọ̀lẹ́bí awùsá tó ti Peru wá. Kì í ṣe nǹkan burúkú, wọ́n ń jẹ ẹ́, àwọn kan tiẹ̀ ń wá a lójú méjèèjì, àmọ́ kì í ṣe awùsá, bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ̀ yàtọ̀, bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ náà yàtọ̀. Látìgbà yẹn làwọn èèyàn ti ń fi fótò ránṣẹ́ sí mi pé kí n bá àwọn wò ó, ni mo ṣe ní kí n kúkú kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, bí mo ṣe máa ń yẹ̀ ẹ́ wò, látorí èyí tó rọrùn jù lọ.

Ẹ kọ́kọ́ gbàgbé orúkọ tí wọ́n fi tà á fún yín

Awùsá àti àsálà, ohun kan náà ni, ó kàn dá lórí ilé tí wọ́n ti tọ́ yín dàgbà ni. Lọ́dọ̀ ìyá mi, awùsá ni, bàbá mi ní tiwọn máa ń ní àsálà, wọ́n sì máa ń fi ṣeré pé ẹni tó bá jẹ ẹ́ ti sá àsálà fún ebi. Àwọn Ìgbò ń pè é ní ukpa. Gbogbo wa wá tún gba walnut mọ́ ọn, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, torí walnut tàwọn òyìnbó, èyí tí wọ́n máa ń kó sínú kéèkì tí ojú ẹ̀ rí kókókòkò bí ọpọlọ, orí igi ńlá ló ti ń so, kì í ṣe ìtàkùn, kò sì bá awùsá tan níbì kankan. Juglans regia lorúkọ ìyẹn. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Orúkọ tó máa ràn yín lọ́wọ́ ni èyí táwọn onísáyẹ́ǹsì ń lò. Awùsá wa ni Plukenetia conophora. Tẹ́ ẹ bá rí Tetracarpidium conophorum nínú ìwé, ẹ má rò pé òmíì ni, orúkọ ẹ̀ àtijọ́ nìyẹn, ó sì ṣì wà nínú ìwé tó pọ̀ títí dòní, "tetra" inú ẹ̀ yẹn túmọ̀ sí mẹ́rin, torí pé mẹ́rin mẹ́rin ni hóró ẹ̀ sábà máa ń wà nínú èso. Plukenetia ní tiẹ̀, orúkọ èèyàn ni wọ́n mú, Leonard Plukenet, ará Ìlú Ọba kan tó kọ ìwé nípa ewéko, ọdún 1706 ló kú. Èyí tó wà ní Peru ni Plukenetia volubilis, Linnaeus, onímọ̀ ewéko ará Sweden, ló sọ ọ́ lórúkọ lọ́dún 1753. Òun ni sacha inchi. Èdè Quechua làwọn tó ni ín fi ń pè é bẹ́ẹ̀, sacha ni nǹkan inú igbó, inchi ni ẹ̀pà, ẹ̀pà igbó ni ká máa pè é ká ní àwa la ni ín.

Ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n, òkun ló là wọ́n láàrin. Tiwa ń hù láti ibí lọ dé Kamẹrúùnù dé Kóńgò, tiwọn wà lápá Amazon ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Peru ṣì tún ní méjì míì tí hóró wọn tóbi ju ti volubilis lọ, Plukenetia huayllabambana tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ lórúkọ ní 2009, àti Plukenetia carolis-vegae ní 2013. Mi ò tíì rí ẹni tó ń tà wọ́n níbí o. Mo kàn dárúkọ wọn torí ẹni tó bá ní "tèmi tóbi dáadáa, awùsá ni" ni, ẹ sọ fún un pé títóbi nìkan ò tó.

Nítorí náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà, ẹ má bi olóko pé "ṣé awùsá ni?" torí bẹ́ẹ̀ ni ló máa sọ. Ẹ bi í pé báwo lèso ẹ̀ ṣe rí. Tí kò bá ti rí èso ẹ̀ rí, òun náà ò mọ ohun tó ń tà.

Ẹ yí i lórí atẹ

Èyí ló yá jù, ìṣẹ́jú méjì ni. Ẹ wá hóró tó tó mẹ́wàá, ẹ má lo ẹyọ kan torí ẹyọ kan lè tàn yín, ẹ fọ gbogbo ara ẹ̀ kúrò, ẹ nù ún gbẹ, ẹ dà á sórí atẹ tàbí tíréè tó tẹ́jú. Ẹ gbé etí kan sókè tó bíi ìka méjì.

Awùsá rí róbótó bíi bọ́ọ̀lù kékeré, sẹ̀ǹtímítà 2 sí 2.5 láti etí dé etí, kò sì síbi tẹ́ ẹ fi lélẹ̀ tí ò ní fẹ́ yí. Ti Peru, ẹ fojú inú wò ó bíi òkúta pẹlẹbẹ inú odò tí omi ti gé etí ẹ̀, ó wú láàrin, ó wá ń fẹ́lẹ́ bọ̀ létí, tẹ́ ẹ bá wò ó láti òkè ó fẹ́ẹ̀ jọ ẹyin, ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà kan àbọ̀ sí méjì, àmọ́ tẹ́ ẹ bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́ ẹ máa rí i pé pẹrẹsẹ ni. Ìwò ẹ̀gbẹ́ yìí ṣe pàtàkì. Gbogbo fótò tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí mi, òkè ni wọ́n ti máa ń yà á, látòkè sì rèé, nǹkan pẹrẹsẹ àti nǹkan róbótó ò yàtọ̀. Ẹ dùbúlẹ̀ tẹ́ ẹ bá ní láti dùbúlẹ̀, kí fóònù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ hóró, kẹ́ ẹ tó ya fótò.

Lẹ́yìn ìyẹn ẹ fi àtàǹpàkò pa etí ẹ̀ yípo. Lára sacha inchi ẹ máa kan ìlà kan tó yọ díẹ̀ tó lọ yípo etí ẹ̀ bí ibi tí wọ́n rán aṣọ pọ̀, ara ẹ̀ náà láwọn àmì dúdú dúdú lórí àwọ̀ búráùn. Awùsá ò ní etí tẹ́ ẹ máa pa, ṣé bọ́ọ̀lù létí ni? Èèpo ẹ̀ máa ń jẹ́ búráùn tàbí kó dúdú, ó dán tí wọ́n bá ti sè é tán, tútù ẹ̀ sì máa ń ní nǹkan bíi eérú lára níbi tí ara èso ti lẹ̀ mọ́ ọn.

Tó bá ṣeé fọ́, ẹ fọ́ ọ̀kan. Awùsá, eyín làwa fi ń fọ́ ọ láti kékeré, àwọn dókítà eyín ẹ jọ̀ọ́ ẹ fojú fo ibí yìí, inú ẹ̀ funfun, ó kún èèpo, ó sì là sí méjì gbọọrọ láàrin. Inú sacha inchi náà funfun, ó là sí méjì bẹ́ẹ̀ náà, torí náà àwọ̀ inú ò ní sọ nǹkan kan fún yín, ohun tó máa sọ ni pé ìlàjì awùsá dà bí abọ́ tí wọ́n da ojú ẹ̀ dé, tí ti Peru sì tẹ́ẹ́rẹ́.

Tí hóró bá ti gbẹ jù, awùsá lè sún kì nínú èèpo ẹ̀, ẹ máa gbọ́ tó ń dún nínú tẹ́ ẹ bá mì ín. Ìyẹn ò sọ ọ́ di nǹkan míì, ó kàn túmọ̀ sí pé kò dáa fún gbígbìn mọ́ ni.

Èso lódindi, tẹ́ ẹ bá ráyè rí i lórí ìtàkùn

Tó bá jẹ́ pé èso lẹ rí, iṣẹ́ yín ti parí dé ìdajì. Ọ̀pọ̀ wa ò mọ bí èso awùsá ṣe rí nítorí pé hóró sísè la ń bá pàdé, àwọn tó ń kó o wá láti Ọ̀dẹ̀dá àti àwọn abúlé ẹ̀yìn ibẹ̀ ló máa ń yọ ọ́ lára kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Èso awùsá tóbi, ó lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 6 sí 10, ó ní igun mẹ́rin, igun kọ̀ọ̀kan sì ní nǹkan bí ìyẹ́ tó yọ síta látòkè délẹ̀, kẹ́ ẹ tún wá fojú sí àárín ìyẹ́ méjì, ìlà kan tún ga níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gé e láàrin bí wọ́n ṣe ń gé tòmátì, yàrá mẹ́rin ni ẹ máa bá, hóró kọ̀ọ̀kan nínú yàrá tiẹ̀. Mẹ́rin ló wọ́pọ̀, àmọ́ mo ti rí oníméjì àti onímẹ́ta, torí náà ẹ má fi iye ṣe òfin. Àwọ̀ ewé tútù ló ní, tó bá gbó á dúdú, á já bọ́ sílẹ̀ fúnra ẹ̀, ara ẹ̀ á wá jẹrà. Jíjẹrà yẹn ni wọ́n máa ń dúró dè. Wọ́n á kó o jọ sójú kan, ara á rọ̀, á dúdú bí ọ̀dà, wọ́n á wá fi omi ṣàn án, ẹni tó bá fi ọwọ́ lásán ṣe é, àwọ̀ dúdú yẹn máa wà nínú èékánná ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, mo ti ṣe é rí, ọjọ́ ìgbéyàwó ẹnì kan ló kù ọ̀la.

Ti Peru kéré ju ìyẹn lọ, sẹ̀ǹtímítà 3 sí 5 ni fífẹ̀ ẹ̀, ìràwọ̀ ni lójú mi, bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe sọ, orí ìràwọ̀ yẹn lè jẹ́ mẹ́rin, ó lè jẹ́ márùn-ún, ó máa ń dé méje nígbà míì, hóró kan sì wà nínú orí kọ̀ọ̀kan. Kì í já bọ́ jẹrà bíi tiwa. Á gbẹ lórí ìtàkùn ni, látorí àwọ̀ ewé tútù bọ́ sí búráùn tó fẹ́ẹ̀ dúdú, tó bá gbẹ tán ẹ máa gbọ́ tó ń ta pa lẹ́nu ọwọ́ tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, hóró á sì yọ.

Ibi tó ń ru àwọn èèyàn lójú ni ti sacha inchi olórí mẹ́rin, torí awùsá náà ní igun mẹ́rin. Ẹ má ka igun. Ẹ wo bóyá igun yẹn ní ìyẹ́ tó gùn látòkè délẹ̀, awùsá nìyẹn, tàbí bóyá ó kàn yọ ṣóńṣó síta bí orí ìràwọ̀ tí àárín ẹ̀ sì wọlé, ti Peru nìyẹn. Ìwọ̀n ẹ̀ náà ẹ kà á sí: èso awùsá kún ọwọ́ àgbàlagbà dáadáa, ìràwọ̀ Peru lè wọ inú ẹ̀kún ọwọ́ ọmọdé.

Ewé àti okùn ẹ̀

Ó máa ń wù mí kí n sọ pé ewé máa parí ẹjọ́ ṣùgbọ́n irọ́ ni. Àwọn méjèèjì, ewé wọn ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan lára ìtàkùn, etí ẹ̀ rí eyín eyín bíi ayùn, iṣan mẹ́ta ńlá sì jáde látìdí ewé lọ sókè. Ìdí ewé gan-an ni kẹ́ ẹ wò, ibi tí ọrùn ewé ti so mọ́ ọn. Ti sacha inchi sábà máa ń wọlé níbẹ̀ bí ọkàn tí wọ́n ń yà sórí káàdì ìfẹ́, ó sì fẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 10 sí 12 ní gígùn, 8 sí 10 ní fífẹ̀. Ìdí ewé awùsá ń rọra yípo ni, kò ní ihò ọkàn yẹn, ewé ẹ̀ gùn ju bó ṣe fẹ̀ lọ, bíi 10 sí 5, orí ẹ̀ sì ṣàdédé ṣóńṣó bí ẹnu bírò.

Ẹ má já ewé ẹyọ kan o. Ewé ọ̀gbìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù ń parọ́. Ẹ já márùn-ún tó ti dàgbà, látibi tí oòrùn ń dé, ẹ tò wọ́n sórí bébà funfun pẹ̀lú rúlà ọmọ ilé ìwé, ẹ wo èyí tó pọ̀ nínú wọn. Tí mẹ́ta bá ní ìdí ọkàn, tí méjì ò ní, sacha inchi ni mo máa kọ sílẹ̀, màá wá fi àmì ìbéèrè sí i títí màá fi rí èso.

Òdòdó wọn kéré, ó tò sórí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́, akọ ló pọ̀, abo ẹyọ kan tàbí méjì ló wà nísàlẹ̀. Tẹ́ ò bá ní awò tó ń mú nǹkan tóbi, ẹ má fi àkókò yín ṣòfò níbẹ̀.

Okùn ìtàkùn wá ńkọ́? Awùsá tó ti dàgbà, igi ni, kì í ṣe okùn mọ́. Ẹni tó bá ti dé oko kòkó àtijọ́ lápá Ọ̀dẹ̀dá á ti rí èyí tó nípọn bí apá tó gun igi lọ sókè pátápátá tẹ́ ẹ ò rí orí ẹ̀ mọ́, mítà 10, mítà 20, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń dúró kó já bọ́, ta ló fẹ́ gùn ún? Sacha inchi kì í dà bẹ́ẹ̀. Ọ̀pá àti wáyà tó ga tó èèyàn ni wọ́n ń fà á lé ní Peru, wọ́n sì ń dúró nílẹ̀ ká a.

Bó ṣe ń hùwà

Ká ní mo mọ ìpín yìí tẹ́lẹ̀ ni, mi ò bá ti mọ̀ látìgbà tó ti so kó tó pé oṣù mẹ́jọ. Awùsá kì í kánjú. Ọdún méjì, mẹ́ta, nígbà míì ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó so, ó sì nígbà, tó bá ti di nǹkan bí oṣù kẹfà ẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í rí i lórí atẹ ní Láfẹ́nwá àti Pánsẹ́kẹ́, títí dé oṣù kẹsàn-án, lẹ́yìn náà á wá dà bíi pé kò sí i rí. Sacha inchi lè so kó tó pé ọdún kan, tó bá sì ti bẹ̀rẹ̀ á máa so lọ ni, òdòdó, èso tútù àti èso gbígbẹ, gbogbo ẹ̀ lórí ìtàkùn kan náà lọ́jọ́ kan náà. Torí náà ọ̀gbìn tí wọ́n bá ní "awùsá àgírìkì, oṣù mẹ́jọ," ẹ fura sí i.

Awùsá fẹ́ igi tó máa gùn, ó sì lè fara da ìbòòji nígbà tó bá kéré, ìdí nìyẹn tí obì àti kòkó fi bá a lára mu. Ti Peru fẹ́ oòrùn. Èmi gbìn ín sábẹ́ obì, ó gùn ún lóòótọ́, àmọ́ gbogbo èso tó so, apá ibi tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń dé ló so ún sí, èyí tó wà lábẹ́ ewé obì kàn hu ewé lásán.

Kẹ́ ẹ tó fi sẹ́nu

Ẹ má fi jíjẹ dá a mọ̀ o, ẹ kọ́kọ́ dá a mọ̀ ná. Ẹbí ńlá tí awùsá ti wá, àwọn èèyàn dáadáa wà níbẹ̀ bí ẹ̀gẹ́ àti igi rọ́bà, àwọn apanilára náà wà níbẹ̀: làpálàpá wà níbẹ̀, lárà náà wà níbẹ̀, hóró làpálàpá àti ti lárà tútù lè gbé èèyàn dé ọsibítù. Wọn kì í ṣe ìtàkùn, hóró wọn gùn díẹ̀ kò róbótó, àmọ́ ọmọdé tó bá ti gbọ́ pé "hóró yìí ṣeé jẹ" kì í bèèrè irú èwo. Irú èsìsì kan tún wà tó jẹ́ ìtàkùn, Tragia làwọn onísáyẹ́ǹsì ń pè é, ìbátan awùsá tó sún mọ́ ọn gan-an ni, ewé ẹ̀ sì lè jọ ọ́ lójú ẹni tó ń kánjú, èso tiẹ̀ kékeré ni, orí mẹ́ta ló ní. Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án, ara yín á sọ fún yín kíá, ẹ ò ní nílò ìtọ́sọ́nà mi.

Tó bá ti dá yín lójú pé awùsá ni, sísè ni. Ẹ fọ̀ ọ́ mọ́, ẹ dà á síkòkò pẹ̀lú èèpo ẹ̀, kí omi bò ó dáadáa, ẹ lè fi iyọ̀ sí i, kó hó fún wákàtí kan ó kéré tán. Ẹ mú ọ̀kan, ẹ fọ́ ọ, tí inú ẹ̀ bá ti rọ̀ tí ò dún kàkà mọ́ lẹ́nu, ó ti jinná. Ẹ sẹ́ omi ẹ̀ nù, ẹ tẹ́ ẹ síta kó fẹ́, ẹ má dì í gbígbóná sí náílọ́ọ̀nù, torí tó bá di ọjọ́ kejì sí ìkẹta á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ bí ilá. Tẹ́ ẹ bá ti jẹ ẹ́ tán, ẹ mu omi tútù lé e. Gbogbo ẹni tó ti jẹ awùsá mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ẹnu á korò bíi pé ẹ la ewúro. Fún èmi, ìkorò yẹn ni ìdánwò tó kẹ́yìn, mi ò rí i nínú sacha inchi tí mo yan.

Sacha inchi, yíyan ni wọ́n ń yan án, wọn kì í jẹ ẹ́ ní tútù, tútù ẹ̀ máa ń hánni lọ́nà ọ̀fun. Ẹ yọ èèpo, ẹ dà á sínú ìkòkò gbígbẹ lórí iná kékeré, ẹ máa rò ó bí ẹni ń yan ẹ̀pà, tó bá ti ń pọ́n díẹ̀ tó sì ń dún, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Ó jọ ẹ̀pà lẹ́nu, ó kàn ní òórùn díẹ̀ bí ewé tútù. Sísè ni mo kọ́kọ́ sè é torí mo rò pé awùsá ni, ó rọ̀ pẹ̀tẹ̀, kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́ nínú ilé, kódà àwọn adìyẹ ń fẹsẹ̀ tú u kiri ni.

Àwọn méjèèjì ní òróró púpọ̀, irú òróró tí wọ́n ń pè ní omega-3, ìyẹn ni wọ́n fi ń polówó sacha inchi lówó gọbọi. Tiwa náà ní i o. Àmọ́ irú òróró yẹn tètè máa ń bà jẹ́ tí afẹ́fẹ́ bá ń dé ibẹ̀, torí náà hóró tẹ́ ẹ bá ti yọ èèpo ẹ̀, ẹ kó o sínú ike tó ní ìdérí, kẹ́ ẹ gbé e sínú fíríìjì, ẹ má ṣe èyí tó máa pé oṣù.

Tó bá ṣì rú yín lójú

Ẹ gé ẹ̀ka kan tó gùn tó láti ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, tó ní ewé, tó bá ṣeé ṣe kó ní òdòdó tàbí èso. Ẹ tẹ́ ẹ sáàrin ìwé ìròyìn, kí ewé kan dorí kodò kí ìkejì dọ́gba kí àwọn tó máa wò ó lè rí ojú àti ẹ̀yìn ẹ̀, ẹ gbé búlọ́ọ̀kù lé e, ẹ máa pààrọ̀ ìwé ìròyìn yẹn lójoojúmọ́ kó má baà bu. Hóró, ẹ kó o sínú ápòòwé, kì í ṣe náílọ́ọ̀nù. Ẹ wá kọ ọ́ sílẹ̀: ibi tẹ́ ẹ ti rí i, ọjọ́ tẹ́ ẹ gé e, igi tó gùn, àwọ̀ èso nígbà tó ṣì tútù, torí tó bá gbẹ gbogbo ẹ̀ á di búráùn. Ẹ lè gbé e lọ sí FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ Abẹ́òkúta tó wà ní Alábàtà, ẹ béèrè àwọn tó ń kọ́ nípa ewéko. Tẹ́ ẹ bá ń lọ Ìbàdàn, ilé iṣẹ́ ìwádìí igbó ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Jericho ní ibi tí wọ́n ń kó ewé gbígbẹ pa mọ́ sí, Forest Herbarium, ewéko látibi gbogbo ní Nàìjíríà ló wà níbẹ̀, wọ́n á gbé tiyín sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn, ẹ ó sì rí i kedere.

Tó bá jẹ́ pé awùsá gidi lẹ fẹ́ gbìn, ẹ má dúró de ọlọ́gbìn. Lóṣù keje, nígbà tó bá pọ̀ lọ́jà, ẹ bá àwọn tó ń tà á sọ ọ́ pé tútù lẹ fẹ́, kì í ṣe sísè, kó ṣì jẹ́ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàn án kúrò lára èso, ẹ yí i lórí atẹ wọn níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbìn ín láàrin ọjọ́ mélòó kan, torí tó bá gbẹ kì í hù dáadáa.

Ohun tí mo ṣe nìyẹn. Sacha inchi mi, mo ti gé e kúrò lára obì, mo fa èyí tó kù lé wáyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà níbi tí oòrùn wà, ó ń so lọ. Ìyá Kútọ̀ ló fún mi ní awùsá tútù mẹ́rin láìgbowó, wọ́n ní kí n má tún lọ ra àgírìkì mọ́. Méjì ti hù nísàlẹ̀ obì yẹn, mo fi ike bò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ kádìyẹ má baà hú u, mo kọ ọjọ́ sára ike pẹ̀lú máákà, ó sì kù ọdún méjì ó kéré tán ká tó mọ̀ bó bá máa yí.